Ẹ Lọ Wo Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Abúlé Yín

Òkúta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́bàá kànga ilé bàbá mi àgbà, òun ni àwọn ìyá wa máa ń fọ aṣọ lé lórí. Bí mo ṣe gbọ́njú ni mo bá a níbẹ̀. Èmi náà ti jókòó lé e jẹ àgbàdo sísè láìmọye ìgbà. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó rí abẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí a fẹ́ tún etí kànga ṣe tí bíríkìlà hú u. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà lábẹ́ òkúta náà, tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, pẹ̀lú ọdún tó kú, àti pé ó sùn nínú Olúwa. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá àgbà kan ló wá rántí pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé e wá. Nígbà tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ láti kọ́ tuntun, wọ́n kó àwọn òkúta ibojì tó wà lójú ìpìlẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó bá nílò òkúta a sì lọ mú.

N kò bá àwọn tó wó o jà. Ìjọ ti pọ̀ sí i, òjò ń wọlé, wọ́n sì fẹ́ ilé Ọlọ́run tó gba gbogbo wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ tó wà lára àwọn òkúta yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò ilé náà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn baba wa fi ọwọ́ ara wọn mọ, tí ìyá mi ṣe ìrìbọmi nínú rẹ̀, kò sí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo lábúlé wa lónìí. Àwọn tó lè sọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí kò pé márùn-ún mọ́.

Ìdí tí mo fi ń ké sí ẹ̀yin tí ẹ ní abúlé nìyí. Bí ẹ bá lọ sílé fún Kérésìmesì tó ń bọ̀, tàbí fún Àjíǹde, tàbí fún ìkórè, ẹ yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì tó dàgbà jù ní abúlé yín. Bóyá ti Áńgílíkà ni o, bóyá ti Mẹ́tọ́díìsì, bóyá ti Onítẹ̀bọmi, bóyá ti Àgùdà. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìlù àti aṣọ ẹbí máa gba ojú yín. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ilé náà dákẹ́, kẹ́ ẹ rìn yí i ká, kẹ́ ẹ wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé kò sí ohun tó ṣe pàtàkì nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, kó jẹ́ kí n mú un dé Kúdẹtì.

Lónìí, àárín ìgboro Ìbàdàn ni Kúdẹtì wà, ṣọ́ọ̀ṣì St. David tó wà níbẹ̀ sì ti di kàtídírà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn olóyè fi ta àlejò lọ́rẹ, amọ̀, omi odò, àti ọwọ́ ènìyàn díẹ̀. Ọdún 1851 ni David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS rán níṣẹ́, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn ò tíì ṣe ìgbéyàwó tó ọdún kan. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ẹni tó wá wàásù àlàáfíà níbẹ̀ ń wá wàhálà. Síbẹ̀, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ mú ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, ó fi wọ́n sọ́dọ̀ Anna kí wọ́n lè kọ́ ìwé. Àwọn méjèèjì yìí ni Ìbàdàn kà sí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nílùú náà. Ẹ wo ìgboyà bàbá yẹn. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dán ohun tí kò mọ òpin rẹ̀ wò.

Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà etíkun dí. Owó àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Kúdẹtì kò dé mọ́, tọkọtaya náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ àti ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Ìjàyè ní tirẹ̀ ní ìjọ, ó ní míṣọ́nárì, ó ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ìlú náà ní 1862, gbogbo rẹ̀ bá ìlú lọ. Ti Kúdẹtì yè é. Àìsàn sọ Anna di aláìlera, ọdún 1869 ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní Norfolk ní 1870. Ẹni tó gba ìjọ náà mú lẹ́yìn wọn ni Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ń ran wọ́n lọ́wọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ dúdú bíi tiwa ló tọ́jú agbo yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ò mọ ìdí tí orúkọ rẹ̀ kì í fi í sí lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ní 1899, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tún ṣí ní Kúdẹtì. Ìyẹn ló pa pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin CMS ti Èkó ní 1950 tó fi di St. Anne's tó wà ní Mọ́lété títí dòní.

Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí mo fi mú Kúdẹtì wá nìyí. Lára àwọn ọmọ tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ àwọn Hinderer, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Samuel Johnson. Hastings, abúlé kan ní Sàró, ni wọ́n bí i sí ní 1846, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọmọdé ni nígbà tí Henry bàbá rẹ̀ kó ẹbí wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn Hinderer ṣiṣẹ́. Ó dàgbà, ó di olùkọ́, ó sìn ní ìjọ Arẹ̀mọ, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Òun ló kọ ìwé ńlá nípa ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbá mú bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí oyè, lórí ogun, lórí ààlà ilẹ̀.

Níbo ló ti rí ìtàn náà? Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé yẹn ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sọ ìtàn fún un. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà lára wọn. Josiah Òní tó jẹ́ oníṣòwò wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni David Kúkọ̀mí, baba àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, tó ti fojú rí ogun kó tó di ẹni tó ń gbé ìwé orin. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀. Ènìyàn bíi Bàbá Ìjọ tí ẹ ń kí lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá dìde fún orin, ni ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi ara tì. Ẹnì kan jókòó tì í, ó bi í léèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín David Kúkọ̀mí àti àwọn bàbá tí àwa sin pẹ̀lú ìtàn nínú ikùn wọn.

Bó ti wù kó rí, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1897 Johnson ti parí rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson tó jẹ́ dókítà ní Èkó, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916 ó tún fi í ránṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà, ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó di rírí. Ọdún 1921 ló tó jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ilé, ohun tí David Kúkọ̀mí sọ ì bá ti bá a wọ sàréè.

Ìwé yẹn rí ẹni tó gbà á là lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa gba ìwé ìrìbọmi abúlé yín là?

Mo ti rí ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní ìjọ abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Inú yàrá tí àlùfáà ti ń múra ló wà, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ ìdì ìwé ìkórè ọdún mẹ́wàá àti gáàsì tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àríyá. Ìkán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi ti wọ ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ogún. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, yíǹkì dúdú mọ́ dáadáa: ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, babaláwo. Bẹ́ẹ̀ ni, babaláwo, tó mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìrìbọmi, tí akọ̀wé ìjọ sì fi tọkàntọkàn kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn orúkọ tí ẹ ò gbọ́ mọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọ́n ní. Ilé tí à ń wò náà wà nínú ìwé yẹn, ìkán sì ń jẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tí ìpè yìí fi kan ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú. Àwọn òbí tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí wà nínú ìwé ìrìbọmi ọmọ wọn. Baálẹ̀ tó fún ìjọ ní ilẹ̀, bóyá ó jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn. Àwọn tó gún amọ̀, tó pọnmi, tó gbé ògiri náà ní ìpele kan sórí òmíràn títí ó fi ga, gbogbo abúlé ni. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ jẹ́ ti ìjọ, ṣùgbọ́n ìrántí tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má já lu wọn. Ẹ kọ́kọ́ rí àlùfáà, ẹ rí Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Àwọn àgbà ò fẹ́ ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú fóònù, àwọn àgbà náà ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi bí nǹkan bá sọnù. Ẹ mú ọ̀dọ́ kan dání, ó sàn kó jẹ́ ọmọ yín. Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ojú ilé náà, ẹ̀yìn rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, òrùlé rẹ̀, ibi tó ti sán. Ní ibi ibojì, ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí òjìji inú lẹ́tà ló máa ń jẹ́ kí òkúta tó ti parẹ́ ṣeé kà. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́. Ẹ má da kẹ́míkà sí i. Omi lásán àti àkísà tó rọ̀ ti tó.

Ẹ gùn lọ sídìí agogo bí àtẹ̀gùn rẹ̀ bá lágbára. Agogo tó wá láti òkè òkun sábà máa ń ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́ àti ọdún lára, ìyẹn lè sọ ohun tí ìjọ fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ẹ wo abẹ́ àga gígùn, ẹ wo ẹ̀yìn àga ìwàásù, ibẹ̀ ni àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń fi àmì wọn sí.

Ìwé ìjọ ni kẹ́ ẹ fi ìṣọ́ra mú jù. Ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ, orí tábìlì, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, fóònù lókè rẹ̀ gangan. Bí ewé kan bá ti ya, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bẹ ìjọ kí wọ́n gbé àwọn ìwé náà kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri, sínú àpótí onírin tó ṣeé tì. Owó àpótí kan kò tó owó aṣọ ẹbí ẹnì kan. Ẹ fi àwòrán ojú ewé kan náà pamọ́ síbi mẹ́ta: ọ̀dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ ìjọ, àti ọ̀dọ̀ ọmọ abúlé mìíràn tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àgbà ìjọ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ta ló ń lu agogo tẹ́lẹ̀? Ibo ni àwọn obìnrin ń jókòó? Orin wo ni wọ́n ń kọ tí wọn kì í kọ mọ́? Fóònù yín lè gba ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ tiyín ń dúró dè yín. Àwọn ìròyìn tí àwọn àlùfáà Yorùbá ìgbà náà kọ sí CMS wà nínú yàrá ìkówèésí Yunifásítì Birmingham, tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí, tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè láti kà. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti dárúkọ abúlé yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, àwọn ìwé CMS kan tún wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ńlá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ẹ kọ́ tuntun. Ìjọ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbà á, ẹ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ di ilé ìrántí, tàbí ibi tí àwọn ọmọ Sunday School ti ń pàdé. Ògiri amọ̀ tó bá ní òrùlé tó dára lè dúró pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi òkè àti omi ilẹ̀ ló ń pa á. Bíríkìlà tó bá sọ pé sìmẹ́ńtì ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ lódindi, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì máa ń há omi mọ́nú, ògiri á sì máa jẹra lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Tó bá wá di dandan pé kí ilé náà lọ, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ara gbogbo òkúta ibojì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé àwọn òkúta náà dúró síbi tí àwọn ọmọ òkú yóò ti máa rí wọn.

A ti gbé òkúta tó wà ní kànga wa padà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ibojì náà wà gan-an mọ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ògiri la gbé e tì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, obìnrin kan tó ti ń sìn níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí. Orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ni.

Kérésìmesì ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yín wà lọ́wọ́ àlùfáà, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń lu agogo. Ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ ní kó ṣí i fún yín.